Kámẹ́rà Tí Gbénró Ní Ó Ti Kú

Ẹni tó ni ìtàn yìí fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Mo bi í bóyá kí n yí orúkọ rẹ̀ padà, ó mi orí. "Bó ṣe rí gan-an ni kó o kọ ọ́," ló wí. "Àwọn tí mo ṣẹ̀ ti mọ̀. Àwọn tí kò tíì ṣe irú rẹ̀ ni mo fẹ́ kó gbọ́."

Gbénró Fálúyì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ Bàbá Bánjọ ní Ìsẹ̀, láyé tó jẹ́ pé fíìmù ni wọ́n fi ń ya àwòrán, tí wọ́n á wọnú yàrá òkùnkùn lọ fọ̀ ọ́. Ó parí iṣẹ́, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìkẹ́rẹ́, ó rí jẹ níbẹ̀. Nígbà tó yá, kámẹ́rà tí kò lo fíìmù dé. Kò pẹ́ tí fóònù náà fi dé, tí gbogbo ayé di onífọ́tò. Gbénró ta kámẹ́rà rẹ̀, ó wá iṣẹ́ akọ̀wé sí káńsù Èmùré. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 2024.

Kò tíì pé oṣù kan tó délé nígbà tí Favour, ọmọ alàgbà kan ní ìjọ wọn, wá bá a. Òkè òkun ni Favour ń gbé. Ó wá sílé láti ṣègbéyàwó lọ́sẹ̀ kejì Àjíǹde.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ mọ fíìmù lò."

"Ìyẹn ti pẹ́, ọmọ mi."

"Òun gan-an ni mo fẹ́. Fọ́tò orí fóònù ti sú mi, ẹgbẹ̀rún kan á wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í padà wò ó. Mo ti ra fíìmù wá láti ọ̀hún, mo ra oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá kámẹ́rà."

Inú Gbénró dùn dé egungun. Ọdún kejìdínlógún rèé tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní onífọ́tò gbẹ̀yìn. Nígbà tó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Florence, tó jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyẹn dunnú pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀.

"Bàbá Victor, owó ìfẹ̀yìntì yín kò tíì jáde o. Èyí tí ọwọ́ wa ká ni kẹ́ ẹ rà."

Ó lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta kámẹ́rà àlòkù. Mẹ́ta ni ọkùnrin náà kó síwájú rẹ̀. Èkíní dán bí awo tuntun, ṣùgbọ́n bátìrì ló ń gbé gbogbo ara rẹ̀. Gbénró mọ irú èyí: bí wáyà kan bá jó nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó lè tún un ṣe ní gbogbo Èkìtì, á di òkúta. Èkejì kò wọ́n rárá, àmọ́ nígbà tó gbé ojú rẹ̀ sí oòrùn, ó rí i pé olú funfun ti ta gbòǹgbò nínú dígí bí okùn aláǹtakùn. Ẹ̀kẹta ló dára. Onírin ni látòkè délẹ̀, kò bẹ bátìrì ní nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fetí sí i, kò sí ibi tó ti kọsẹ̀.

"Eléyìí ńkọ́?"

Ọkùnrin náà dárúkọ iye tó fẹ́. Gbénró rọra gbé kámẹ́rà náà padà sílẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Inú mọ́tò ló wà tó ń padà bọ̀ wálé tó fi rántí pé òun mọ ibi tí irú rẹ̀ wà. Irú ẹ̀kẹta yẹn gan-an ni ọ̀gá òun ń lò. Bàbá Bánjọ ti kú lọ́dún 2009, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé ní Ìsẹ̀.

Ó ra búrẹ́dì àti mílíìkì, ó wọ mọ́tò Ìsẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Màmá Hannah, ìyàwó ọ̀gá rẹ̀, ti di arúgbó. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́, tòsì ló fi ń ríran díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ kíá tí Gbénró kí i lẹ́nu ọ̀nà ló ti mọ ohùn rẹ̀.

"Gbénró. Ìwọ lo wọ ulé mi yìí? Mo rò pé o ti gbàgbé wa ni."

Ó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n kí ara wọn tán, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọmọ, nípa ará, kó tó wá fẹnu ba ohun tó bá wá. Ìyá náà dìde. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ tọ́ ògiri lọ sínú yàrá, ó gbé àpótí pákó kékeré kan jáde.

"Kí Bàbá Olúyẹmí tó kú, ó sọ ọ̀rọ̀ kan lórí ẹ," ló wí. "Ó ní ọmọ-ọmọ òun tó bá fẹ́ràn uṣẹ́ yìí ni kí n fún. Faith, ọmọ Olúyẹmí, ló fẹ́ràn ẹ. Ní Ìkẹ́rẹ́ yín níbẹ̀ ló ti ń kàwé. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣe nǹkan kan. Ìwọ wò ó fún mi. Bó bá ṣì dáa, ti Faith ni. Bó bá ti kú, kó o máa gbé e lọ, o lè rí nǹkan tú lára ẹ."

Gbénró ṣí àpótí náà. Kámẹ́rà ọ̀gá rẹ̀ wà nínú aṣọ fúláńẹ́ẹ̀lì, ó gbẹ, ó mọ́, olú kankan kò sí lójú rẹ̀. Ó fa irin tó ń sún fíìmù síwájú, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún gbà, bó ṣe máa ń dún ní ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Bó ṣe fà á yẹn náà ló rí ohun mìíràn. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ká fíìmù padà yí pẹ̀lú rẹ̀. Fíìmù wà nínú kámẹ́rà náà.

Gbénró sọ fún mi pé ẹnu òun kọ́kọ́ yà láti sọ òótọ́. Ó ní "Ó dáa, Màmá" ti dé orí ahọ́n òun. Ṣùgbọ́n ó rántí Favour, ó rántí iye tí ọkùnrin Ìbàdàn pè, ó sì rò ó pé kí ni ọmọdébìnrin kan tó ń fi fóònù ya àwòrán fẹ́ fi irú nǹkan báyìí ṣe.

"Màmá, ó ti kú," ló sọ.

"Mo gbọ́ pé ó dún."

"Ìta rẹ̀ ló ń dún, Màmá. Inú rẹ̀ ti jẹrà. Omi ti wọ ibẹ̀, ìpẹtà ti jẹ gbogbo rẹ̀."

Ìyá náà fọwọ́ wá àpótí náà, ó gbé ọwọ́ lé e. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Fíìmù inú ẹ ńkọ́?"

Gbénró kò retí ìbéèrè yẹn.

"Rónkẹ́ ló wà níbẹ̀," ni Màmá Hannah wí. "Ọjọ́ Sátidé ni bàbá ẹ̀ yà á, lẹ́yìn ulé níbí. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló wọ mọ́tò pé òun ń padà sílé-ìwé. O gbọ́ bó ṣe jẹ́. Bàbá ẹ̀ ní òun ò lè fọ̀ ọ́ láéláé, pé bí òun bá rí i tó ń rẹ́rìn-ín nínú omi oògùn yẹn, òun á bá a lọ. Mo fi í sílẹ̀, mi ò yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ rí i, Gbénró. Òjò tó ṣí páànù sítúdíò ba gbogbo fọ́tò ẹ̀ jẹ́, ti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méje nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́. Dókítà sì ní ojú tó kù yìí ò ní pẹ́ lọ."

Gbénró mọ Adérónkẹ́. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ọmọ náà kò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, òun ló máa ń gbé oúnjẹ wá fún wọn ní sítúdíò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí mọ́tò pa á lọ́dún 1998.

Ṣùgbọ́n irọ́ tó ti pa kò fún un láyè mọ́. Bí inú kámẹ́rà bá ti jẹrà, báwo ni fíìmù ṣe máa là?

"Màmá," ló wí, "ó ti bá a lọ. Ó ti jẹrà."

Ìyá náà mi orí, ó tún mi í. "Ó dáa," ló wí. "Ó dáa. Gbé e lọ." Ó tún fún un ní iṣu mẹ́ta kó fi ṣe ẹ̀bùn fún ìyàwó rẹ̀.

Ìgbéyàwó náà dára. Gbénró ní nígbà tí àwòrán àkọ́kọ́ yọ níṣojú òun nínú omi oògùn, òun sunkún. Favour sanwó, ó tún fi kún un, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí pè láti Adó àti Àkúrẹ́. Gbénró tún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àtijọ́ ṣe, ó kun ún ní ọ̀dà funfun.

Fíìmù ọ̀gá rẹ̀ wà nínú agolo wàrà kan lórí pẹpẹ. Oògùn ṣẹ́kù lára ti Favour. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ìlẹ̀kùn yàrá òkùnkùn, ó fọ̀ ọ́.

Ó ní òun ti ń gbàdúrà pé kó má yọ. Bí kò bá yọ, ọ̀rọ̀ tí òun sọ fún Màmá á di òótọ́. Ṣùgbọ́n ó yọ. Eruku ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wà lórí rẹ̀ bí ìkùukùu, síbẹ̀ àwòrán mẹ́rìnlá ló yọ, Adérónkẹ́ sì wà nínú gbogbo wọn.

Florence bá a níbi tó ti ń gbé nẹ́gátíìfù náà sí ojú fèrèsé.

"Ta nìyí, Bàbá Victor?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò mọ bí òun ṣe lè dá a gbé. Florence jókòó lórí àpótí.

"Ẹ gbé e lọ sí Ìsẹ̀ lónìí."

"Kí ni mo fẹ́ wí? Pé fíìmù tó jẹrà jí dìde?"

"Ẹ ní ẹ purọ́."

"Á gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi."

"Ṣé tiyín ni?"

Gbénró bínú. Ó ní kí Florence má bá òun sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Síbẹ̀ Florence ń bi í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. "Ẹ ti lọ?" Á ní òun á lọ lẹ́yìn iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́. "Ẹ ti lọ?" Á ní mọ́tò ti wọ́n. Nígbà tó di oṣù kẹfà, Florence kò bi í mọ́. Gbénró ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn le ju ìbéèrè lọ, ṣùgbọ́n ó tún rọ òun lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá ṣì ṣe é tún ṣe. Ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí ló sọ ọ́ di ohun tí kò ṣe é gbé. Ọ̀kan nínú àwòrán mẹ́rìnlá náà dára ju gbogbo ohun tí Gbénró ti yà láyé rẹ̀ lọ. Rónkẹ́ dúró lẹ́yìn ilé, ó yí ojú padà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè, ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Gbénró tẹ̀ ẹ́ síta lórí pépà ńlá, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ fi yẹ́ ọ̀gá òun sí. Ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ẹni tó bá wọlé á ti kọ́kọ́ rí i.

Oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé dúró síwájú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ yà á?"

"Èmi ni," ni Gbénró wí.

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó rọrùn láti sọ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ènìyàn ń fi fóònù ya àwòrán náà, wọ́n ń gbé e kiri. Ìdajì iṣẹ́ tó ń rí, òun ló ń fà á wá.

Nínú oṣù kọkànlá, lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan wọlé.

"Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ní ẹ ń kọ́ ènìyàn ní fọ́tò fíìmù. Mo fẹ́ mọ iye tí..."

Kò parí rẹ̀. Ó ti rí ògiri.

Gbénró wo ojú rẹ̀, ó wo àwòrán náà. Ojú kan náà ni. Iwájú orí kan náà, bí ètè ṣe rí kan náà.

"Sà, ta nìyí?"

"Oníbàárà kan ni. Ará Èmùré."

"Ìgbà wo lẹ yà á?"

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan."

Ọmọbìnrin náà sún mọ́ ọn. "Ó jọ mí," ló wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n bá òun rẹ́rìn-ín. Ó yọ fóònù, ó yà á. "Mo fẹ́ fi han dádì mi ni."

"Kí ni orúkọ rẹ?" Gbénró ti mọ̀ kó tó bèèrè.

"Faith, sà. Faith Bánjọ."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Èkó lórí Wásáàpù. Gbénró ní òun ì bá ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri kó tó yà á, àmọ́ ọwọ́ òun kò ṣiṣẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí fóònù náà dún. Faith gbé e sétí, ó gbọ́, ó yí ojú sí Gbénró. Ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè jáde síta.

"Ta ló wà níbẹ̀?" Ohùn ọkùnrin ni. "Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yẹn?"

"Èmi ni, Olúyẹmí," ni Gbénró wí. "Gbénró ni."

Faith gbé fóònù náà sún mọ́ ọn.

"Bọ̀dá Gbénró. Àbúrò mi nìyẹn. Màmá sọ fún mi ní oṣù kejì pé ẹ ní fíìmù yẹn ti jẹrà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan, Bọ̀dá. Ó ní Rónkẹ́ kú lẹ́ẹ̀kejì." Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ pé ojú òsì rẹ̀ ti lọ? Láti oṣù kẹjọ. Kò rí nǹkan kan mọ́."

Gbénró ní òun kò mọ bí ìpè náà ṣe parí. Ó kàn rí i pé Faith dúró síwájú pẹpẹ níbi tí kámẹ́rà wà, kò fọwọ́ kàn án.

"Ti bàbá bàbá mi nìyí?"

"Tirẹ ni," ni Gbénró wí.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ sí Ìsẹ̀, òun àti Faith. Florence ní òun kò bá wọn lọ, pé ìtìjú náà kò ṣe é pín. Gbénró gbé àpótí kámẹ́rà lórí itan, Faith gbé àpòòwé tí àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tí Gbénró tẹ̀ síta lóru wà nínú rẹ̀. 

Màmá Hannah jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olúyẹmí ti sọ fún un lórí fóònù. Gbénró dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sọ ohun tó ṣe, kò fi ewé bo ìkankan. Ìyá náà gbọ́ ọ dópin. Kò bú u. Gbénró ní ì bá dára kó bú òun.

"Oṣù wo lo fọ̀ ọ́?"

"Oṣù karùn-ún, Màmá."

Ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀. "Oṣù karùn-ún. Kẹfà. Keje." Ó dúró. "Mo ṣì ń rí ojú abẹ́rẹ́ ní oṣù keje, bí oòrùn bá wà."

Gbénró kò lè gbé orí sókè. Ó mú àpòòwé lọ́wọ́ Faith, ó yọ àwòrán àkọ́kọ́, ó fi sí ìyá náà lọ́wọ́. Màmá Hannah fi ìka tọ́ etí pépà náà yíká, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lójú. Pépà dídán lásán ló wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Màmá, ó dúró lẹ́yìn ilé," ni Gbénró bẹ̀rẹ̀. "Ó ń rẹ́rìn-ín, ó rẹwà gan-an, ó..."

"Má sọ ọ́." Ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ dí i lẹ́nu. "Ẹnu yẹn ló ní ó ti jẹrà. Mi ò lè fi ẹnu ẹ wo ọmọ mi. Mi ò ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Faith, bọ́ síbí."

Gbénró sún sẹ́yìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Faith jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá bàbá rẹ̀, ó gba àwòrán náà.

"Ó fi ọwọ́ kan di okùn aṣọ mú, Màmá. Ó wọ sálúbàtà, ọ̀kan ti já, ó so ó. Òjìji Bàbá Àgbà wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, orí àti èjìká nìkan. Ó wọ aṣọ alámì róbótó, ó ní kọ́là ńlá."

"Èmi ni mo rán an," ni ìyá náà wí. "Kọ́là náà, ṣé ó dúró dáadáa?"

Faith wò ó pẹ́.

"Rárá, Màmá. Apá òsì gùn ju tọ̀tún lọ."

Màmá Hannah bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò ríran. "Òótọ́ ni. Ó gùn. Mo sọ fún un pé bó bá dé ní ìsinmi, n ó tú u, n ó tún un rán." Ó fi ọwọ́ kan orúnkún Faith. "Òun nìyẹn. Òun gan-an nìyẹn. Máa sọ lọ."

Gbénró wà lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi wo ìkẹrìnlá tán. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó, kò sẹ́ni tó ní kó máa lọ. Ó ní oṣù márùn-ún gbáko ni òun fi gbé àwòrán yẹn kọ́ ògiri, tí òun ń wò ó lójoojúmọ́, tí òun ń sọ fún gbogbo ayé pé òun lòun yà á. Òun kò rí kọ́là yẹn rí.